Ìbínú Ni Màmá Fi Ń Ya Etí Òkun

Ní ọjọ́ tí a sin ìyá tó bí bàbá mi, arábìnrin kan láti inú ìjọ dìde, ó ka ìtàn ìgbésí ayé wọn fún àwọn èrò. Ó ní onísùúrù ènìyàn ni Màmá. Ó ní wọn kì í bínú, pé ohùn wọn kì í ròkè. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo rí àwọn tí Màmá ti bú bí ẹni láyin, gbogbo wọn ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo dìde lórí àga, mo jáde kúrò lábẹ́ àtíbàbà, mo lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà títí arábìnrin náà fi kà á tán.

Ẹlòmíràn ni wọ́n ń sin lọ́jọ́ yẹn. Màmá tí mo mọ̀, ìbínú ni wọ́n fi ń jí, ìbínú ni wọ́n fi ń sùn, ìbínú náà ni wọ́n sì fi ń ya àwòrán. Inú ń bí èmi náà bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò sì ní tọrọ àforíjì. Ẹni tó bá fẹ́ ìyá àgbà onísùúrù, kó lọ ka ìwé tí arábìnrin yẹn kà.

Ìyá Oníyọ̀ ni gbogbo èbúté mọ̀ wọ́n sí. Iyọ̀, ọṣẹ, ìṣáná, kẹrosíìnì àti gààrí ni wọ́n ń rà ní Igbokoda, tí wọ́n ń gbé gba orí omi lọ tà fún àwọn apẹja ní Mahintedo àti Molutehin, títí dé Abereke níbi tí ilé wọn wà, létí òkun gan-an. Ọkọ̀ onípákó kan ni wọ́n ní, ẹ́ńjìnnì kékeré wà ní ìdí rẹ̀. Mósè, ọkùnrin Molutehin kan tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ló ń wa ọkọ̀ náà fún wọn láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Mósè á jókòó sẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ á wà lórí ẹ́ńjìnnì. Àpò iyọ̀ á wà láàrin. Màmá á wà níwájú, páálí lórí itan, pẹ́ńsùlù lọ́wọ́.

Páálí ọṣẹ tí wọ́n ti tà tán ni wọ́n ń ya àwòrán sí. Wọ́n á fi ọ̀bẹ là á, wọ́n á yí inú rẹ̀ síta, wọ́n á fi abẹ fẹ́lẹ́ gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsùlù títí yóò fi mú bí eegun ẹja. Ohun tí wọ́n bá rí lójú ọ̀nà ni wọ́n ń yà: ibi tí odò ti pínyà, igi ẹ̀gbà tí gbòǹgbò rẹ̀ dúró lórí omi bí ẹsẹ̀ akàn, igi ògùrọ̀ tó tẹ orí ba sínú omi, ìgbì tó ń fọ́ sórí yanrìn. Nígbà mìíràn, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n á yà láti Igbokoda dé Abereke. Nígbà mìíràn, páálí á tán, wọ́n á máa yà á sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀.

Wọn kì í ya ènìyàn. Ìyàwó olóyè kan wà ní Mahintedo tó gbọ́ òkìkí wọn. Ó wọ léèsì, ó fi iyùn sọ́rùn, ó gbé àga síta, ó jókòó, ó ní kí Ìyá Oníyọ̀ wá ya òun. Ọjà ló pe Màmá wá fún tẹ́lẹ̀. Màmá wọn iyọ̀ rẹ̀ fún un, wọ́n gba owó wọn, wọ́n yí padà, wọ́n kọjú sí igbó tó wà lẹ́yìn ilé náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya igbó. Obìnrin náà bínú. Ó ní àbùkù wo lẹ fi ń kàn mí báyìí. Màmá ò tilẹ̀ dúró.

"Ìwọ lè wo dígí," ni wọ́n sọ. "Igbó wo ló ní dígí?"

Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Màmá ti kọ́kọ́ di pẹ́ńsùlù mú, ibẹ̀ náà ni ìbínú wọn ti bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ kan tó ti òkè wá ló ń kọ́ wọn nígbà náà. Ní ọjọ́ kan, ó gbé ìgò kan sórí tábìlì, ó ní kí gbogbo ọmọ ya ìgò náà. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni Màmá jókòó sí. Òkun ń kún bọ̀ níta, ó ti bo ìdí àwọn igi, àwọn lékeléke ń fò lọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ohun tí Màmá yà nìyẹn. Olùkọ́ náà gbé e sókè kí gbogbo kíláàsì rí i, ó ya bébà náà sí wẹ́wẹ́, ó na Màmá lẹ́gba, ó ní kí wọ́n kúnlẹ̀ títí ilé ẹ̀kọ́ yóò fi parí.

Mo gbọ́ ìtàn yìí tó ìgbà tí mi ò lè kà. Màmá ti darúgbó, olùkọ́ yẹn á ti kú tipẹ́, síbẹ̀ bí wọ́n bá ti ń sọ ọ́, iṣan ọrùn wọn á dìde. Kò sì sí ìgbà tí wọ́n sọ pé ẹgba náà dùn àwọn. Ìgò yẹn ni.

"A jókòó sẹ́nu òkun," wọ́n á ní, "ìgò ló ní ká máa wò."

Bàbá mi kàwé, wọ́n rí iṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ṣùgbọ́n gbogbo ọlidé ni wọ́n ń fi mí ránṣẹ́ sí Màmá, mo sì ń bá wọn kiri orí omi. Bí ọkọ̀ bá ṣófo díẹ̀, Màmá máa ń gbé èrò. Ní ìrìnàjò kan, wọ́n gbé ọkùnrin kan, òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí agbègbè wa. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gún régé, ó gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà, ó hàn gbangba pé omi ń bà á lẹ́rù. A dé ibì kan tí odò ti yà, Màmá gbé ọwọ́ sókè.

"Mósè, pa á."

Mósè pa ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ dákẹ́ sójú kan.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" ni ọkùnrin náà béèrè. "Ṣé epo ti tán ni?"

"Epo wà," ni Mósè dáhùn.

"Kí ló wá dé tí a dúró?"

Mósè fi àgbọ̀n tọ́ka sí Màmá. Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Ọkùnrin náà wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó wo Màmá, ó tún wo aago.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìpàdé."

"Pẹ̀lẹ́."

"Ṣé igi lẹ ń yà? Torí igi lẹ ṣe dá wa dúró?"

Màmá gbé pẹ́ńsùlù kúrò lórí páálí. Wọ́n nà án sí ọ̀wọ́ igi ẹ̀gbà kan tó wà ní etí omi. "Ṣé o rí ọ̀dà pupa tó wà lára wọn? Àwọn tó fẹ́ la ọ̀nà omi ló fi í síbẹ̀. Wọ́n máa gé wọn kí n tó padà. Ìpàdé rẹ á dúró dè ọ́. Àwọn wọ̀nyí ò ní dúró dè mí."

Ọkùnrin náà kùn títí a fi dé ibi tó ń lọ. Ó ní òun máa fẹjọ́ sùn. Mi ò mọ ẹni tó fẹ́ fẹjọ́ sùn fún lórí omi. Nígbà tí a ń padà bọ̀, kùkùté ló kù níbẹ̀, omi sì ti pọ́n. Mo mú páálí tuntun, mo nà án sí Màmá, nítorí mo rò pé wọ́n á fẹ́ yà á. Wọn ò gbà á.

"Mi ò ya kùkùté," ni wọ́n sọ. "Ẹni tó gé e ni kó wá yà á."

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òfin ni èyí. Ìbínú Màmá kò ní òfin. Ní Molutehin, nígbà tí epo rọ̀bì wọ inú omi tí ẹja ń kú léfòó, tí àwọ̀n àwọn apẹja dúdú bí ìdí ìkòkò, wọ́n yà á. A jókòó sínú ọkọ̀, òórùn ń fún wa ní èébì, àwọn ewé igi ẹ̀gbà ti gbẹ sórí igi. Wọ́n ń tẹ pẹ́ńsùlù mọ́lẹ̀ débi pé páálí náà lu. Wọ́n mú òmíràn, wọ́n tún lu ìyẹn náà. Gbogbo ara ìka wọn dúdú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń bá àwọn oníṣẹ́ epo ṣiṣẹ́ wá dúró lórí afárá onípákó, ó wò wá fún ìgbà díẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n kó tó sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ mọ̀ ọ́n yà gan-an o. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ò lè ya ibi tó rẹwà ni, èyí tí èèyàn lè gbé kọ́ ara ògiri?"

Màmá ò gbójú sókè.

"Ibi tó rẹwà nìyí. Ohun tí ẹ dà sí i lára lò ń wò."

Èmi náà jẹ nínú ìbínú yẹn. Mo ti ra pẹ́ńsùlù aláwọ̀ oríṣiríṣi fún wọn rí láti Àkúrẹ́, èyí tó wà nínú páálí pelebe, tí gbogbo ọmọ kíláàsì mi ń du. Màmá ṣí i, wọ́n wò ó dáadáa, wọ́n dì í padà, wọ́n gbé e fún ìyàwó Mósè fún àwọn ọmọ rẹ̀. Mo sunkún. Wọ́n ń yọ eegun ẹja kúrò nínú oúnjẹ mi lọ́wọ́ bí mo ṣe ń sunkún, torí pé wọn kì í jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi yọ ọ́, síbẹ̀ wọn ò sọ fún mi pé kí n má sunkún. Ìgbà tí mo jẹun tán ni wọ́n wá sọ̀rọ̀.

"Ọma mi, bí mo bá fi àwọ̀ sí i, wọ́n á ní ó dára. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ní ó dára."

Wọ́n kọ́ mi ní yíyà, bí a bá lè pe ìyẹn ní ẹ̀kọ́. Wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì di orí mi mú, wọ́n á yí i sí ibi tí wọ́n fẹ́ kí n wò, wọ́n á sì mú un síbẹ̀ títí ọrùn á fi máa dùn mí. Bí mo bá ya igi, wọ́n á béèrè pé igi wo. Bí mo bá ní igi ṣá ni, wọ́n á gba pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ mi. Títí di òní, tí mo bá gbé ohun kan síwájú láti yà, mo máa ń gbọ́ ohùn wọn létí mi: "O ò wò ó. O kàn rántí bí wọ́n ṣe ní igi rí."

Mo fẹ́ sọ ti àwọn ọkùnrin tó wá sí Abereke. Wọ́n dé akoto ike, wọ́n ti wá láti ibi tí mi ò mọ̀, wọ́n ní àwọn ni àwọn máa mọ ògiri òkúta tí òkun ò ní lè kọjá. Wọ́n ri òpó sínú yanrìn. Wọ́n ya fọ́tò ara wọn níwájú òpó. Inú àwọn ará ìlú dùn, wọ́n sè fún wọn. Màmá náà bẹ́ àgbọn fún wọn mu. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n wọ ọkọ̀ wọn lọ, a ò sì rí wọn mọ́. Kò pẹ́ tí òkun fi gbé àwọn òpó náà. Màmá wo ibi tí àwọn òpó náà ti wà, wọ́n tu itọ́ sórí yanrìn.

"Òkun kì í parọ́ ní tirẹ̀," ni wọ́n wí. "Ó ní òun ń bọ̀, ó sì ń bọ̀ lóòótọ́."

Nígbà tó yá, ó dé. Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí ni ìdílé wa kò lè gbàgbé nípa Màmá, ohun náà ni kò sì sí nínú ìwé tí wọ́n kà ní ìsìnkú.

Ilé tó wà níwájú tiwa ti wọ omi lọ. Wọ́n pe bàbá mi lórí fóònù pé ilé ìyá wọn ló kàn. Èmi àti bàbá mi wọkọ̀ láti Àkúrẹ́, a sì dé Abereke. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ìgbì ti ń bọ́ sí abẹ́ ilé. Iwájú ilé náà kọjú sí òkun, ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí odò tẹ́ẹ́rẹ́ kan, níbi tí Mósè so ọkọ̀ mọ́. Sàréè ọkọ Màmá, ìyẹn bàbá bàbá mi, wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé, igi àgbọn kan dúró tì í.

A bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Èmi àti bàbá mi gbé àpótí, a gbé bẹ́ẹ̀dì, a gbé ìkòkò, a gbé àpò iyọ̀, a gbé àwọ̀n àtijọ́ tó jẹ́ ti bàbá bàbá mi. Mósè ń tò ó sínú ọkọ̀. Ìgbà tí a gbé ẹrù dé ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i la rí Màmá. Wọ́n ti jókòó síwájú ọkọ̀, páálí lórí itan, wọ́n ń ya ilé náà, wọ́n ń ya igi àgbọn, wọ́n ń ya sàréè, wọ́n ń ya òkun tó dìde lẹ́yìn gbogbo rẹ̀.

"Màmá," ni bàbá mi wí, "kí lẹ ń ṣe?"

Màmá ń yà lọ.

"Màmá, ilé yín ń wó lọ. Ẹ wá bá wa gbé nǹkan."

"Ẹ máa gbé e."

"Ẹ jókòó, ẹ ń ya àwòrán. Èmi tí mo ti Àkúrẹ́ wá ni mò ń gbé ìkòkò yín."

"Olúwọlé, kúrò níwájú mi. O dí mi lójú."

Mi ò rí i rí kí bàbá mi gbé ọwọ́ sí ìyá wọn. Lọ́jọ́ yẹn, bàbá mi na ọwọ́, wọ́n já páálí náà gbà lórí itan Màmá, wọ́n jù ú sómi. Ó léfòó. Ojú tí àwòrán wà ló kọ sókè, a sì ń wò ó bó ṣe ń ṣàn lọ. Màmá ò bú u, wọn ò ṣépè. Wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n fa páálí mìíràn yọ lábẹ́ ìjókòó, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Òpó ilé kan kán. Páànù orí ilé ṣẹ́po. Bàbá mi dúró sínú omi tó dé orúnkún wọn, ẹkún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n wọ́n.

"Ẹrù yín mà ni," ni bàbá mi ń sọ. "Ẹrù yín mà ni, Màmá."

Màmá ò gbé ọwọ́ kúrò lórí páálí.

"Ẹrù wà lọ́jà Igbokoda," ni wọ́n sọ. "Ibí yìí, ọjà wo ni mo ti fẹ́ rà á?"

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbèjà Màmá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti bá àwọn àbúrò bàbá mi jà, mo ti bá bàbá mi fúnra wọn jà. Mo ṣì gbà pé òótọ́ ni Màmá sọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tó dúró sínú omi tó ń sunkún, kì í ṣe òótọ́ nìkan ló ń wá lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ìyẹn náà ń bí mi nínú, kò sì sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún mọ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ìyá àti ọmọ ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà. Bàbá mi ní kí Màmá wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ní Àkúrẹ́. Èmi ni wọ́n fi rán. Màmá fi mí ránṣẹ́ padà pé àwọn ò lè gbé ibi tí kò sí omi láti wò. Wọ́n gba yàrá kan ní Mahintedo, wọ́n ń tà, wọ́n ń yà. Bàbá mi ń fi oúnjẹ àti oògùn ránṣẹ́, wọn kì í sì í tẹ̀ lé e.

Ìgbà tí àìsàn dá Màmá dùbúlẹ̀ ni bàbá mi tó wá. Àǹtí Fúnkẹ́, àbúrò bàbá mi obìnrin, ló ń tọ́jú wọn. Ọ̀sán ni. Bàbá mi jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wo ilẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àlàáfíà ló máa jáde.

"Ẹ̀gbẹ́ bàbá yín ni kí ẹ sin mí sí," ni Màmá wí.

"Màmá, ẹ̀gbẹ́ Bàbá ti di òkun."

"Mo mọ ibi tó wà."

"Báwo ni a ṣe fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ nínú òkun?"

"Ìwọ lo kàwé," ni Màmá sọ. "Lọ rò ó."

Wọ́n mọ̀ pé kò ṣeé ṣe, síbẹ̀ wọ́n ní kí a ṣe é. Wọ́n kú, wọ́n fi í sí bàbá mi lọ́rùn.

Orí ilẹ̀ pupa ní òkè ni a sin wọ́n sí, ilẹ̀ líle tí Màmá ò yà rí láyé wọn. Ẹ̀yìn ìwé ètò ìsìnkú ni mo ti rí àwòrán wọn kan, etí odò Molutehin. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà kun ún. Omi ti di búlúù, ewé ti di àwọ̀ ewéko tútù, wọ́n ti gé àwọn igi tó kú kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan. Mo lọ bá Àǹtí Fúnkẹ́ níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ.

"Ta ló kun èyí?"

"Èmi ni mo ní kí wọ́n kun ún. Ṣé kò dára ni? Ti tẹ́lẹ̀ dúdú jù, ó dà bí ìgbà tí nǹkan bàjẹ́."

"Nǹkan bàjẹ́, Àǹtí."

Wọ́n wo àyíká bóyá ẹnì kan ń gbọ́ wa. Wọ́n fi ọwọ́ kan èjìká mi, wọ́n sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀.

"Tọ́pẹ́, òkú la wá sin, ìjà kọ́."

Lẹ́yìn tí àlejò ti tú ká, bàbá mi wá bá mi ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Wọ́n gbé àpò ọ̀rá kan dání. Erùpẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, wọ́n bù ú láti orí sàréè Màmá. Wọ́n ní kí n jẹ́ ká lọ sí Abereke, kí a lọ dà á sí ibi tí bàbá wọn sùn sí. Wọ́n tún mú páálí kan jáde láti abẹ́ apá wọn. Àwòrán kejì ni, èyí tí Màmá yà lẹ́yìn tí bàbá mi ju àkọ́kọ́ sómi. Mi ò béèrè ibi tí wọ́n ti rí i.

Mósè ló gbé wa. Irun rẹ̀ ti funfun. Ó bá wa gba ẹnu odò jáde sójú òkun, oòrùn mú, òkun sì rọ̀. Ilẹ̀ kankan ò sí níbi tí mo mọ ilẹ̀ sí. Bàbá mi gbé páálí náà sókè, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń wo omi.

"Màmá ṣì í yà," ni wọ́n wí. "Ọwọ́ òsì igi àgbọn ni sàréè wà. Ọ̀tún ni wọ́n yà á sí."

"Màmá kì í ṣì í yà, Dádì."

"Èmi ni mo gbẹ́ ilẹ̀ yẹn, Tọ́pẹ́. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbẹ́ ẹ."

"Ẹ̀yin kọjú sí odò ẹ̀yìn ilé nígbà tí ẹ ń gbẹ́ ẹ. Màmá jókòó sínú ọkọ̀, wọ́n kọjú sí òkun. Òsì yín ni ọ̀tún wọn."

"Má kọ́ mi ní ibi tí mo sin bàbá mi sí."

"Bí ẹ bá ti wò ó lọ́jọ́ yẹn ni, dípò kí ẹ jù ú sómi, à bá mọ̀."

Ó ti jáde lẹ́nu mi. Bàbá mi yí sí mi. Ẹ́ńjìnnì ń ké, àwa náà ń pariwo bò ó.

"Mo dúró sínú omi níwájú ìyá mi," ni wọ́n sọ. "Mo ń sunkún, èmi àgbàlagbà. Tọ́pẹ́, wọn ò wò mí."

Mo na ọwọ́ sí apá kan òkun, mo ní ibẹ̀ ni. Bàbá mi na ọwọ́ sí apá kejì, wọ́n ní ibẹ̀ ni. A ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí Mósè fi dín ẹ́ńjìnnì kù.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí fún bàbá mi, "a ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́. Mo ń retí kí ẹ dákẹ́ kí n lè sọ fún yín."

Ó yí ọkọ̀ padà. Níbi tó ti wá pa ẹ́ńjìnnì, omi ibẹ̀ kò yàtọ̀ sí omi yòókù. Bàbá mi tú ẹnu àpò ọ̀rá náà. Erùpẹ̀ pupa dà sómi, ó tàn díẹ̀, ìgbì kékeré kan dé, ó gbé e lọ. Bàbá mi wo ibẹ̀ títí. Nígbà náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bú òkun. Wọ́n bú u ní èdè Ìlàjẹ, tí n kò gbọ́ lẹ́nu wọn rí ní Àkúrẹ́. Wọ́n bú òkun, wọ́n bú àwọn tó ri òpó, wọ́n bú àwọn tó da epo sómi, wọ́n bú ìyá wọn pàápàá, omijé ń ṣàn lójú wọn. Èmi náà dìde dúró, mo di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, mo bá wọn bú u. Mósè ò tan ẹ́ńjìnnì títí a fi bú u tán.